Mo fẹ́ ta góòlù mi, mi ò fẹ́ kí Abẹ́òkúta gbọ́

Ìbéèrè: Ìyá Góòlù, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti fẹ̀yìntì, Ìbarà níbí ni mò ń gbé. Mo ní àwọn góòlù kan tí mi ò wọ̀ mọ́: ẹ̀gbà ọwọ́ mẹ́rin tí mo rà ní Mẹ́kà nígbà tí mo lọ Háájì, sẹ́ẹ̀tì Ítálì kan (tọrùn, yẹtí àti òrùka) tí bàbá àwọn ọmọ rà fún mi nígbà tí nǹkan ṣì dáa láàárín wa, òrùka dáyámọ́ǹdì kan tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá, àti iyùn màmá mi. Mo fẹ́ tà wọ́n kí n fi owó ẹ̀ parí ilé tí mò ń kọ́ ní Ọbáńtokò. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni pé mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Ẹ mọ ìlú wa, tí mo bá wọ ṣọ́ọ̀bù kan ní Kútọ̀ láàárọ̀, kó tó dalẹ́ wọ́n á ti máa sọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ wa pé nǹkan ti le fún mi. Ẹnì kan ní kí n wá búrókà tó máa bá mi tà á ní bòókẹ́lẹ́. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Èló ni wọ́n ń gbà? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé wọn ò ní lù mí ní jìbìtì? Àti pé ṣé kí n fọ̀ wọ́n kí n tó mú wọn jáde?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìnáwó ilé o, ẹ máa fẹsẹ̀ ire wọ̀ ọ́. Ó ṣeé ṣe dáadáa. Àwọn tó ń tà á báyìí pọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, kódà àwọn kan wà nínú ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń bẹ̀rù yẹn gan-an, mi ò kàn ní dárúkọ wọn ni. Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, mi ò sì tíì gbọ́ ibi tí wọ́n ti ní ẹ̀ṣọ́ náà gbọ́dọ̀ padà wálé.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ṣáájú gbogbo ẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú àwọn èèyàn. Ará àdúgbò lẹ ń fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ fún, ẹ ò fi pamọ́ fún ìwé. Gbogbo oníjìbìtì tó wà nídìí òwò yìí, ìtìjú yín ni wọ́n fi ń jẹun. Wọ́n á ní "ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́, kí la tún ń kọ sílẹ̀ sí?", wọ́n á ní kẹ́ ẹ má lo báǹkì, kẹ́ ẹ má ya fótò, ká pàdé níbi tó dákẹ́, tó bá wá di ọ̀ràn, ẹ ò ní lè pariwo torí ẹ̀yin náà ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ ta nǹkan. Búrókà tó mọ iṣẹ́ ẹ̀, ìwé ló máa kọ́kọ́ fà yọ tẹ́ ẹ bá jókòó.

Bí iṣẹ́ àwa búrókà ṣe rí nìyí. Tẹ́ ẹ bá dá lọ bá alágbẹ̀dẹ góòlù tàbí oníṣọ́ọ̀bù, ẹni yẹn fúnra ẹ̀ ló fẹ́ rà á, èrè tiẹ̀ ló ń wò, iye tó bá kéré jù ló máa kọ́kọ́ pè, kò sì burú, ọjà ló ń ná. Búrókà ò ra ọjà yín. Ẹ̀yin lẹ ṣì ni ín títí owó á fi wọlé. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni pé kó gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni méjì mẹ́ta tó mọ̀ pé wọ́n ń rà, bóyá ní Ìsàlẹ̀ Èkó, bóyá ní Ìbàdàn, bóyá ọ̀dọ̀ oníbàárà kan tó ti ń wá irú ẹ̀ láti ọjọ́ yìí, á gba iye tí kálukú pè, á pè yín lórí fóònù, ẹ̀yin lẹ máa sọ pé kó tà tàbí kó gbé e padà. Olùrà ò ní rí yín, ẹ ò ní rí olùrà. Èmi nìkan ni mo mọ ẹ̀yin méjèèjì. Ohun tí mo ń gba owó lé lórí nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá wá rí ẹni tó pe ara ẹ̀ ní búrókà àmọ́ tó ní "ẹ jẹ́ kí n kúkú san owó ẹ̀ fún yín nísinsìnyí kí n máa gbé e lọ", olùrà lẹ ń bá sọ̀rọ̀ yẹn o, ẹ yáa ná an bí ẹ ṣe máa ná olùrà.

Ní ti owó tí wọ́n ń gbà, kálukú ló ní tiẹ̀. Èmi ń gba 5 nínú 100 lórí góòlù tí wọ́n máa yọ́, torí ìyẹn ò gba wàhálà, ọjọ́ kan náà ló ń parí. Èyí tí mo bá tà lódindi bó ṣe wà, tí mo ní láti wá ẹni tó máa wọ̀ ọ́, 10 ni mo ń gbà níbẹ̀. Inú owó tó bá wọlé la ti ń yọ ọ́ o. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ mú owó wá kó tó bẹ̀rẹ̀, owó fọ́ọ̀mù, owó tẹ́ẹ̀sì, owó mọ́tò, owó fún ọ̀gá kan tó wà l'Ékòó, ẹ dìde kẹ́ ẹ máa lọ ilé yín.

Ẹ jẹ́ n wá bọ́ sórí bòókẹ́lẹ́ tẹ́ ẹ béèrè gan-an. Ohun tó ń tú àṣírí tita góòlù ní Abẹ́òkúta, kì í ṣe ẹnu búrókà ló pọ̀jù nínú ẹ̀. Fótò ni. Ẹ rò ó wò, sẹ́ẹ̀tì Ítálì yín yẹn, mélòó nínú òde ọjọ́ Sátidé lẹ ti wọ̀ ọ́ lọ? Ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìwúyè, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ya ẹ̀yin àtàwọn ẹgbẹ́ yín sí pẹ̀lú aṣọ ẹbí, fótò ọ̀hún wà lára ògiri pálọ̀ èèyàn bí ogún, ó tún wà nínú fóònù wọn. Àwọn obìnrin ìlú yìí mọ góòlù ara wọn bí wọ́n ṣe mọ ọmọ ara wọn. Mo jókòó síbi ìnáwó kan ní June 12 Cultural Centre ní Kútọ̀, mo rí màmá kan tó na ọwọ́ kọjá lórí tábìlì, ó di pẹ́ńdáńtì ọrùn obìnrin tó jókòó níwájú ẹ̀ mú, ó yí i sẹ́yìn, ó fi èékánná họ ibì kan tó ti ya díẹ̀ létí ẹ̀, ó ní "èyí kì í ṣe ti Ìyá lágbájá?" Ẹni tó wọ̀ ọ́ ò mọ nǹkan kan, ó ṣáà rà á ni. Alágbẹ̀dẹ kan nínú ìlú ló tà á fún un, kó tó dọjọ́ Àìkú gbogbo ẹgbẹ́ ti mọ̀ pé Ìyá lágbájá ti ta góòlù.

Torí náà, góòlù tó bá lójú, tí èèyàn lè wò kó mọ̀ pé ti lágbájá ni, ó ní láti kúrò ní ìlú yìí pátápátá tàbí kí wọ́n yọ́ ọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ búrókà yín, "níbo lẹ máa gbé e lọ?" Tó bá ní òun ní oníbàárà kan ní Òkè-Ìlèwó tàbí Àṣẹ́rò tó máa fẹ́ràn ẹ̀, ẹ ṣe é ní "rárá, ẹ ṣeun". Èyí tí kò lójú, ẹ̀gbà ọwọ́ gbọ̀ọ̀rọ̀ tí gbogbo Àlhájà ní irú ẹ̀, ìyẹn ò ní wàhálà, ibi tó bá wù kó lọ.

Ó yá, ká mú àwọn ẹrù yín lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀gbà ọwọ́ Mẹ́kà yẹn ló rọrùn jù, ẹ sì kọ́kọ́ ta ìyẹn. Ẹ yí i, ẹ wo inú ẹ̀ lọ́hùn-ún lábẹ́ iná, ẹ máa rí nọ́ńbà tíntín kan tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn lára. Èyí tó bá ti Sáúdí wá sábà máa ń jẹ́ 21 káràtì, wọ́n á kọ 21K tàbí 875, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé nínú 1,000 ìdá, 875 ni góòlù gidi, èyí tó kù jẹ́ kọ́pà àti fàdákà tí wọ́n fi mú un le. 916 ni 22 káràtì, 750 ni 18, 585 ni 14, 375 ni 9. Tẹ́ ẹ bá rí GP tàbí HGE tàbí GF, góòlù orí ni, abẹ́ ẹ̀ nǹkan míì ni, ẹ gbé ìyẹn jù sí ẹ̀gbẹ́ kan. Sítáàmpù nìkan ò tó o, ẹnikẹ́ni lè tẹ sítáàmpù, àmọ́ ó jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ máa retí.

Báwo la ṣe ń ṣírò ẹ̀? Iye góòlù lágbàáyé, dọ́là ni wọ́n fi ń pè é, lórí ounce kan, ounce góòlù sì jẹ́ gírámù 31.1. Ẹ lè rí iye ọjọ́ òní lórí Google láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ pín in sí 31.1, ẹ fi iye tí dọ́là jẹ́ sọ ọ́ di náírà, gírámù kan góòlù 24 káràtì nìyẹn, èyí tí kò lábùlà. Ká ní ó já sí ₦100,000, àpẹẹrẹ ni mo fi ń ṣe o, ẹ má lọ fi dúró lọ́jà, torí ó ń yí lójoojúmọ́. 21 káràtì máa jẹ́ ₦87,500 lórí gírámù kan. Ká ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọn gírámù 48, ó di ₦4,200,000. Olùrà ò ní san gbogbo ẹ̀, òun náà fẹ́ jẹ èrè, góòlù sì máa ń dín díẹ̀ nínú iná, ká ní ó yọ 5 nínú 100, ó ku ₦3,990,000. Èmi náà yọ 5 tèmi, ₦199,500. Ohun tó wọ àkáǹtì yín jẹ́ ₦3,790,500. Ẹ ṣe ìṣirò yìí nílé pẹ̀lú bírò, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kẹ́ ẹ tó jáde. Ẹni tó bá ti mọ iye tó yẹ kó gbà kì í gbọ̀n nígbà tí wọ́n bá pè é ní ìdajì.

Ohun tó máa bí yín nínú ni pé ó lè kéré sí ohun tẹ́ ẹ gbọ́ pé wọ́n ń ta irú ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Owó iṣẹ́ ọnà wà nínú ti ṣọ́ọ̀bù, èrè wà níbẹ̀, owó ṣọ́ọ̀bù àti iná wà níbẹ̀. Gbogbo ìyẹn ò ní padà sọ́wọ́ yín, kó sẹ́ni tó máa san án fún yín, ẹ má bá búrókà jà nítorí ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n wá ṣe pàtàkì ju ọ̀rọ̀ iye lọ, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jalè láìjẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Ẹ ra sikéèlì kékeré tí wọ́n fi ń wọn góòlù, èyí tó ń fi nọ́ńbà hàn, tó lè ka ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gírámù, kò wọ́n, ẹ má lo ti kíṣínì tẹ́ ẹ fi ń wọn fúláwà. Ẹ wọn wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ya fótò ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí sikéèlì kí nọ́ńbà hàn. Lọ́dọ̀ búrókà, kí sikéèlì wà lórí tábìlì níwájú yín, kó ka òdo kí wọ́n tó gbé nǹkan lé e, kí àpò tàbí àwo má sí lábẹ́ ẹ̀, kí wọ́n wọn nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Tí nọ́ńbà wọn bá yàtọ̀ sí tilé yín díẹ̀díẹ̀, kò burú. Tó bá fi odindi gírámù kan yàtọ̀, ẹ kó ẹrù yín. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gbé e wọ yàrá inú láé, "mo ń bọ̀, ẹ jẹ́ n lọ fi han ọ̀gá" yẹn ni wọ́n fi ń pààrọ̀ ẹrù.

Tẹ́ẹ̀sì náà, ojú yín ni kí wọ́n ti ṣe é. Ti àtijọ́ ni kí wọ́n fi góòlù fa ìlà sórí òkúta dúdú kan, kí wọ́n kán ásíìdì lé ìlà yẹn, tí ìlà bá pòórá, góòlù ibẹ̀ ò tó iye tí wọ́n kọ. Ó dáa, ó sì pẹ́ tí a ti ń lò ó, àmọ́ ojú nìkan ló ń tẹ́ẹ̀sì, bí wọ́n bá fi góòlù bo nǹkan míì nípọn, ó lè tàn yín, àyàfi tí wọ́n bá fi fáìlì họ ọ́ díẹ̀ níbi tó fara pamọ́. Ẹ̀rọ XRF tó wà báyìí ń ka ohun tó wà nínú ẹ̀ láìhọ ọ́, ó máa pe góòlù ní 87 tàbí 75, kọ́pà mélòó, fàdákà mélòó, ẹ lè ya fótò ojú ẹ̀rọ náà. Ìyẹn náà ò rí jìnnà wọnú, ìdí nìyẹn tí mo fi ń lo méjèèjì. Mágínẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ẹ lè lò ó nílé, góòlù kì í lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí àyà yín já tí ibi ìkọ́ sẹ́ènì bá lẹ̀ mọ́ ọn, sípíríǹgì inú ìkọ́ yẹn irin ni, kódà lára góòlù gidi.

Sẹ́ẹ̀tì Ítálì yín, èmi ò ní kí ẹ tètè yọ́ ọ. Bí iṣẹ́ ara ẹ̀ bá dáa, tí ẹnikẹ́ni ò sì tíì bá yín lẹ̀ ẹ́ tàbí ge nǹkan kan kúrò, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó máa wọ̀ ọ́ san ju iye ìwọ̀n ẹ̀ lọ. Kẹ́ ẹ fún búrókà ní àsìkò kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí mẹ́fà, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé tí kò bá rí i tà ní iye báyìí báyìí títí di ọjọ́ báyìí, kó dá a padà tàbí kó tà á ní iye góòlù lásán. Ẹ má retí kó wúwo bó ṣe rí lójú, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ Ítálì ni inú ẹ̀ ṣófo, wọ́n fi afẹ́fẹ́ kún un ni, ó rí gbàǹgbà lọ́rùn àmọ́ lórí sikéèlì ó fúyẹ́. Tó bá ní òkúta lára, wọ́n máa yọ ìwọ̀n òkúta kúrò nínú ìwọ̀n góòlù, ẹ béèrè pé èló ni wọ́n yọ, kí wọ́n sì dá òkúta yín padà tí wọn ò bá san nǹkan lórí ẹ̀. Ẹ tún sọ pé bàbá àwọn ọmọ ló rà á. Ohun tí wọ́n bá fún yín ti di tiyín, àmọ́ tí ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ tàbí ẹjọ́ pínpín ẹrù bá ṣì wà ní kóòtù, ẹ bá lọ́yà yín sọ̀rọ̀ ná kẹ́ ẹ tó gbé e jáde. Èmi kì í fọwọ́ kan góòlù tó ṣì wà lẹ́nu ẹjọ́, ìdí kò ju pé ọlọ́pàá ò ní mọ̀ pé búrókà lásán ni mí.

Òrùka dáyámọ́ǹdì. Hmm. Ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí o, torí omijé ló sábà máa ń bá a wá. Ara òrùka náà góòlù ni, ó ní iye tiẹ̀, tó bá jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù lóòótọ́ ẹ máa rí sítáàmpù méjì mẹ́ta nínú ẹ̀: nọ́ńbà góòlù, àmì ẹni tó ṣe é, àti àwòrán kékeré kan, orí àmọ̀tẹ́kùn fún Lọ́ńdọ̀nù, ìdákọ̀ró fún Birmingham, òdòdó fún Sheffield, ilé olódi fún Edinburgh. Òfin wọn ló fi í síbẹ̀, góòlù tó bá ti ju gírámù kan lọ wọn ò gbọ́dọ̀ tà á bíi góòlù láìsí àmì yẹn. Dáyámọ́ǹdì orí ẹ̀ wá lọ́rọ̀ tiẹ̀. Kò sí iye kan tí wọ́n ń pè lágbàáyé fún un bíi ti góòlù, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀, àbùkù inú, bí wọ́n ṣe gé e àti ìwọ̀n tiẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ rà á padà kì í sábà san ìdajì ohun tí wọ́n fi rà á ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀pọ̀ ìgbà kì í sún mọ́ ọn rárá. Dáyámọ́ǹdì tí wọ́n ń ṣe nínú ẹ̀rọ ti pọ̀ lọ́jà, owó tiẹ̀ ti já wálẹ̀ gan-an, ó sì ti fa iye èyí tí wọ́n ń wà jáde nínú ilẹ̀ náà wálẹ̀. Ẹ lọ wá ìwé tó bá a wá. Tó bá jẹ́ ìwé GIA, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń yẹ dáyámọ́ǹdì wò, nọ́ńbà wà lórí ẹ̀, ẹ tẹ nọ́ńbà yẹn sórí wẹ́ẹ́bùsáìtì wọn, ọ̀fẹ́ ni, gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa òkúta yín máa jáde, wọ́n sì sábà máa ń fi iná lésà kọ nọ́ńbà kan náà sí ẹ̀gbẹ́ òkúta, ojú lásán ò lè rí i. Pẹ̀lú ìwé, mo lè fi han olùrà kó pe iye gidi. Láìsí ìwé, wọ́n á máa ṣe bíi pé wọ́n ń ṣe yín lóore. Tí ẹnì kan bá sì fi bírò kékeré tó ń ké kín-ín kàn án, tó ní dáyámọ́ǹdì ni, ìyẹn ò tíì parí ọ̀rọ̀, òkúta míì tó jọ ọ́ tí wọ́n ń pè ní moissanite náà ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ bírò yẹn ké, torí ooru ni wọ́n ń wọ̀n. Tí iye tí wọ́n pè bá jẹ́ ohun tí ọkàn yín ò gbà, ẹ yọ òkúta yẹn, ẹ ta góòlù ẹ̀, ẹ fi òkúta pamọ́ fún ọmọ yín obìnrin.

Iyùn màmá yín ńkọ́? Èmi ò ní bá yín tà á báyìí. Ẹ má bínú. Ìdí àkọ́kọ́ ni pé tó bá jẹ́ ti màmá, ó lè má jẹ́ ti ẹ̀yin nìkan, tẹ́ ẹ bá ní àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n bá ní ìrántí màmá, tàbí tí ẹnì kan nínú ẹbí bá fẹ́ jẹ oyè, wọ́n á béèrè pé iyùn màmá dà. Góòlù tiyín, ẹ lè tà á kí wọ́n má gbọ́, iyùn ìdílé ò ṣeé tà ní bòókẹ́lẹ́, á hàn, ìjà ẹ̀ kì í sì í tán bọ̀rọ̀. Ìkejì, iyùn kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń yọ́, kò ní iye kan lórí gírámù tí gbogbo ayé mọ̀, ojú ẹni tó mọ̀ ọ́n ni wọ́n fi ń tà á. Iyùn àtijọ́ tó wá láti òkun Mẹditaréníà, tí àwọ̀ ẹ̀ jìn, tí ẹyọ kan ò bá ẹyọ kejì dọ́gba tán, tó tutù lọ́wọ́, ìyẹn lówó lórí. Àmọ́ ọ̀pọ̀ tó wà lọ́jà ni wọ́n fi aró kùn, òmíì ike ni, òmíì gíláàsì. Ẹ ki òwú sínú acetone, èyí tí wọ́n fi ń pa pọ́líìṣì èékánná rẹ́, ẹ fi kan ibi kékeré kan lẹ́yìn ẹyọ kan, tí òwú bá pọ́n, aró ni. Tí gbogbo ẹbí bá fọwọ́ sí i pé kẹ́ ẹ tà á, ẹ padà wá, a jọ máa wá ẹni tó ń ṣètò ìyàwó tàbí ẹni tó fẹ́ joyè, àwọn ló ń san owó tó nítumọ̀.

Ìwé wá kù. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fi ẹrù sílẹ̀, ẹ gba ìwé tí wọ́n kọ ẹrù náà sí lọ́kọ̀ọ̀kan: ohun tó jẹ́, sítáàmpù ara ẹ̀, ìwọ̀n ẹ̀, iye tẹ́ ẹ ò fẹ́ kó kéré sí, ìdá tí búrókà máa gbà, ọjọ́ tó máa dá a padà tí kò bá tà, ẹni tó máa san án tó bá sọnù lọ́nà. Ẹ fọwọ́ sí i, òun náà fọwọ́ sí i, ẹ mú ọ̀kan, kó mú ọ̀kan. Kò sí ìdí tí orúkọ ẹgbẹ́ yín tàbí ìdí tẹ́ ẹ fi ń tà á fi máa wà níbẹ̀. Òun náà máa béèrè NIN yín, á béèrè risíìtì tàbí ohunkóhun tó fi hàn pé tiyín ni, fótò àtijọ́ tẹ́ ẹ wọ̀ ọ́ sí wúlò níbí o. Kẹ́ ẹ má rí i bí ìwọ̀sí. Ẹni tó bá ra ẹrù olè, òun náà wọ gàù, òfin sì ní kí àwa tó ń ta góòlù forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SCUML, ẹ̀ka tó ń gbógun ti fífọ owó ìdọ̀tí lábẹ́ EFCC, ká mọ ẹni tá à ń bá ṣòwò. Ẹ lè béèrè ìwé SCUML lọ́wọ́ búrókà àti ti CAC tí wọ́n fi forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ó yẹ kó lè fi hàn yín láìbínú.

Owó, báǹkì ni kó gbà wá. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2022 ní ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ san káàṣì tó ju ₦5 mílíọ̀nù lọ tàbí kó gbà á lẹ́ẹ̀kan, ₦10 mílíọ̀nù fún ilé iṣẹ́, àfi kó gba báǹkì, góòlù yín sì lè kọjá ìyẹn kíákíá. Kódà tó bá kéré, ta lẹ fẹ́ kó máa rí yín tẹ́ ẹ̀ ń gbé àpò owó kọjá ní Pánṣẹ́kẹ́? Àlẹ́ẹ̀tì lórí fóònù ò tó, ẹ ṣí ààpù báǹkì yín, ẹ rí i pé owó ti kún bálánsì kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí búrókà fún olùrà ní ẹrù, àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Tẹ́ ẹ ò bá fẹ́ kí òṣìṣẹ́ báǹkì tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí yín rí i, ẹ lo àkáǹtì báǹkì míì.

Nínú ilé yín, ẹ sọ fún ẹnì kan, ẹnì kan péré, ọmọ tó lóye jù nínú wọn. Kó mọ ọ̀dọ̀ ẹni tẹ́ ẹ lọ, kó ní fótò ìwé náà lórí fóònù ẹ̀. Dírẹ́fà ò gbọ́dọ̀ mọ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ ò gbọ́dọ̀ mọ̀, ẹ má fi fótò góòlù ránṣẹ́ lórí Wasáàpù sí ẹnikẹ́ni tẹ́ ò tíì rí lójú, ẹ má sì gbà kí búrókà fi sórí stéétọ́ọ̀sì, ojú ẹ̀ ni mo sọ pé wọ́n máa dá mọ̀. Ẹ lè bá a lọ Èkó fúnra yín tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí bí wọ́n ṣe ń tà á, èmi kì í kọ̀, a máa wọ reluwe láàárọ̀ ní Laderin, a máa sọ̀ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, ẹ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kejì títí mo fi máa pè yín. Ẹ pín ẹrù náà sọ́nà méjì, ẹ má kó gbogbo ẹ̀ dání lọ́jọ́ kan.

Ní ti fífọ̀, ẹ má fọ̀ wọ́n. Ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín àti búrọ́ọ̀ṣì họ wọ́n, ẹ má gbé wọn lọ fún alágbẹ̀dẹ kó bá yín dán wọn, ó ń họ góòlù kúrò lára ẹ̀ nígbà tó bá ń dán an, eruku tó bọ́ sílẹ̀ yẹn ti di tiẹ̀, ẹ tún ti sọ fún alágbẹ̀dẹ pé ẹ fẹ́ ta nǹkan. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ abọ́ díẹ̀ tó fún sẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ fẹ́ tà lódindi, kẹ́ ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún. Ti ẹ̀gbà ọwọ́ tó ń lọ sínú iná, ìdọ̀tí ara ẹ̀ ò kan ẹnikẹ́ni. Iyùn màmá, ẹ má rì í sínú ọṣẹ tàbí fínígà rárá, ásíìdì inú fínígà ń jẹ ẹ́, aṣọ tútù díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi nù ún, kẹ́ ẹ wé e sínú aṣọ, kẹ́ ẹ dá a padà síbi tó wà.